Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àròkọ Alálàyé lórí Ọ̀rọ̀ Ọmọlúwàbí Láàárín Àwọn Tí Ń Ṣiṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Pọ̀

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú èyí, a sọ̀rọ̀ lórí àròkọ aṣàpèjúwe. O rántí pé iṣẹ́ àròkọ aṣàpèjúwe ni láti jẹ́ kí òǹkàwé fi ojú inú rí ohun tí à ń sọ. Iṣẹ́ ti àròkọ alálàyé yàtọ̀. Ohun tí òǹkàwé ń retí lọ́wọ́ rẹ níhìn-ín ni pé kí o la ọ̀rọ̀ yé e: kí ni nǹkan náà jẹ́, báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ni ìdí rẹ̀, kí sì ni ó yẹ kí ènìyàn ṣe sí i? Bí o bá kọ àròkọ alálàyé tán tí òǹkàwé kò mọ ohun kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, o kò tíì dáhùn ìbéèrè, bí ó ti wù kí òwe inú rẹ̀ pọ̀ tó.

Àkòrí tí a ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nìyí:

Ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

ÌTÚPALẸ̀ ÀKÒRÍ

Má ṣe kánjú gbé kálàmù. Ka àkòrí náà lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbé e ró. Mẹ́ta ni wọ́n. Èkíní ni ‘iṣẹ́ ọ̀fẹ́’. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ ni à ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Kò sí ẹni tí ó ń gba owó oṣù. Èkejì ni ‘lórí ẹ̀rọ ayélujára’. Èyí fi hàn pé wọn kò rí ojú ara wọn. Ẹ̀kẹta ni ‘bá ara wọn sọ̀rọ̀’. Ọ̀rọ̀ sísọ ni o gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, kì í ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò rí ‘ẹ̀rọ ayélujára’ tí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa àwọn gbájú-ẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ tí kì í gbé ojú kúrò lára fóònù. Olùyẹ̀wò kò bi ọ́ ní ìyẹn. Ẹni tí a bi ní ọ̀nà Òṣogbo, tí ó ń júwe ọ̀nà Ìjẹ̀bú, bí ó tilẹ̀ júwe rẹ̀ dáradára, àlejò yóò ṣìnà.

ÌLAPA ÈRÒ

1. Ìfáárà: ọ̀wẹ̀ àwọn baba wa àti ọ̀wẹ̀ òde òní.
2. Àpẹẹrẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é.
3. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi tètè ń di ìjà níbẹ̀.
4. Ohun tí ọ̀rọ̀ burúkú ń bà jẹ́.
5. Ọ̀nà tí a lè gbà sọ̀rọ̀: ìkíni, inú rere, ìbáwí, sùúrù, àforíjì.
6. Ìdáhùn sí ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ kò jẹ́ kí a sọ òtítọ́.
7. Ìgúnlẹ̀.

Wò ó pé kókó karùn-ún ni ó ní ẹ̀ka jù. Ibẹ̀ ni ìbéèrè wà gan-an, nítorí náà ibẹ̀ ni ó yẹ kí o pẹ́ sí jù.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Ní ayé àtijọ́, bí àgbẹ̀ kan bá rí i pé iṣẹ́ oko ju agbára òun lọ, ó lè bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ yóò gbé ọkọ́ wá, wọn yóò sì bá a ṣe é. Kì í san owó fún wọn. Oúnjẹ àti emu ni yóò pèsè, ṣùgbọ́n ohun tí ó ju oúnjẹ lọ ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá dúró lórí ebè, tí ó ń bú àwọn ọlọ́wẹ̀ pé ebè wọn wọ́, òun nìkan ni yóò kọ ebè tí ó kù. Irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ayélujára lónìí, òfin rẹ̀ kò sì yàtọ̀: níbi tí owó kò sí, ọ̀rọ̀ ni owó ọ̀yà.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tí Jimmy Wales àti Larry Sanger dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2001. Ó wà ní èdè tí ó lé ní 300, èdè Yorùbá sì wà lára wọn. Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ni ó ń kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń jíròrò. Ó tún ní ìtàn àtúnṣe, níbi tí a ti lè rí ẹni tí ó fi nǹkan kún un àti ẹni tí ó yọ nǹkan kúrò, títí kan ọjọ́ àti wákàtí. Bákan náà ni OpenStreetMap, máàpù gbogbo ayé tí Steve Coast bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004. Ẹni tí ó ń gbé àdúgbò kan ni ó lè ya ọ̀nà, odò àti ọjà ibẹ̀ sí i.

Ó rọrùn kí ìjà ṣẹlẹ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá wo iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi tí mo rẹ́rìn-ín músẹ́, tí mo ní, “Ṣé ìwọ ni o kọ èyí?”, ó mọ̀ pé mo yìn ín ni. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, kò rí ẹ̀rín mi, kò gbọ́ ohùn mi. Ó lè kà á pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìkúnlẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kẹta kò sí nítòsí tí yóò sọ pé, “Ẹ má bínú, bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ lásán ni ó dé, ọ̀rọ̀ náà ni yóò sì ru gbogbo ẹrù tí ojú àti ohùn ìbá bá a rù.

Ohun tí ọ̀rọ̀ burúkú ń bà jẹ́ níbẹ̀ pọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù lè fara da ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ nítorí ilé àti ọmọ. Ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ kò ní ohun tí ó dè é mọ́ ibẹ̀. Kì í kọ ìwé ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni jà; ó kàn lọ ni, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ti lọ. Iye àwọn tí ń kọ̀wé déédéé sínú Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ga jù ní ọdún 2007, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tí Aaron Halfaker àti àwọn olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú ọ̀rọ̀ náà wò, nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2013, ohun kan tí wọ́n rí ni pé àwọn ẹni tuntun tí wọ́n fi inú rere ṣiṣẹ́, tí a sì kọ iṣẹ́ wọn, kì í sábà dúró. Jẹ́ kí a sọ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, tí ó mọ ìtàn odò tí ó la ìlú rẹ̀ já, tí ó sì fi ọ̀sán mẹ́ta tẹ ìwọ̀nba tí ó mọ̀ sórí ẹ̀rọ. Bí a bá fi èébú pàdé rẹ̀, ìtàn odò náà bá a padà sílé nìyẹn, ó sì lè má tún jáde mọ́.

Nítorí náà, báwo ni ó ṣe yẹ kí a máa sọ̀rọ̀? Èkíní, kí á kí ènìyàn kí á tó wí ohun tí a fẹ́ wí, kí á sì máa lo ‘ẹ’ fún ẹni tí a kò mọ̀. Orúkọ tí a rí lórí ẹ̀rọ kì í sọ ọjọ́ orí. Ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ‘Àdùkẹ́’ níbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Ó sì lè jẹ́ ìyá àgbà tí ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ẹni tí a pè ní ‘ẹ’ tí ó jẹ́ ọmọdé kò ní bínú. Ẹni tí a pè ní ‘o’ tí ó jẹ́ àgbà, a ti ṣẹ̀ ẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé Wikipedia ní òfin kan tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé ẹni tuntun jẹ, bí ìgbà tí ajá bá gé àlejò jẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 2012, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì dá ibì kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Teahouse, èyí tí í ṣe ilé tíì, kí àwọn ẹni tuntun lè máa béèrè ohun tí kò yé wọn níbẹ̀ láìbẹ̀rù.

Èkejì, kí á kọ́kọ́ gbà pé inú rere ni ẹnì kejì fi ṣe ohun tí ó ṣe. Òfin Wikipedia ni èyí náà. Ọmọ Yorùbá tí ó kàwé ní Nàìjíríà lè rí àkọsílẹ̀ kan tí a ti fi ‘ɛ’ rọ́pò ‘ẹ’, ‘ɔ’ rọ́pò ‘ọ’, tí a sì kọ ‘sh’ níbi tí òun yóò kọ ‘ṣ’. Bí ó bá yára, yóò ní aláìmọ̀wé ni ó kọ ọ́, yóò sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá láti ilẹ̀ Benin, ní agbègbè Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́, lè jẹ́ ẹni tí ó kọ ọ́, bí a sì ṣe ń kọ Yorùbá ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìbá yanjú ọ̀rọ̀ náà: “Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni wọ́n ti ń kọ ọ́ báyìí?”

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ni kí á bá wí, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Wo ìwé méjì tí a lè kọ sí ẹni tuntun tí ó fi ọdún kan sínú ìtàn ìlú rẹ̀ láìsọ ibi tí ó ti rí i. Èkíní ní:

“Ta ni ó ní kí o wá kọ ìkọkúkọ síbí? O kò mọ nǹkan kan. Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.”

Èkejì ní:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ìlú yín, inú mi sì dùn sí bí ẹ ṣe to orúkọ àwọn àdúgbò lẹ́sẹẹsẹ. Mo yọ ìpínrọ̀ kẹta kúrò fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé a kò rí ìwé tí ọdún tí ẹ kọ síbẹ̀ ti wá. Ohun tí ẹ kọ kò sọnù. Ó wà nínú ìtàn àtúnṣe. Bí ẹ bá lè sọ orúkọ ìwé náà, ẹ dá ìpínrọ̀ náà padà, tàbí kí ẹ jẹ́ kí n bá yín fi í sí i. Ẹ ṣeun.”

Àwọn méjèèjì ni kò gba iṣẹ́ náà bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n èkejì sọ ohun tí ó dára, ó sọ ohun tí ó kù, ó sọ ìdí rẹ̀, ó sì fi ọ̀nà àbáwọlé han àlejò. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi bá a wí, ó fi òsì fà á mọ́ra.

Ẹ̀kẹrin ni sùúrù. Nínú Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan kò gbọdọ̀ da iṣẹ́ ẹlòmíràn nù ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nínú ojú ewé kan láàárín wákàtí 24. Ìdí òfin náà ni pé ẹni méjì lè máa pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìbá ara wọn sọ gbólóhùn kan. Ojú ewé ìjíròrò ni ó yẹ kí wọ́n gbà lọ. Ẹni tí inú ń bí lè kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má fi í ránṣẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ẹnì kejì náà kò bá sì tètè dáhùn, kí á má kà á sí ìgbéraga. Ó lè jẹ́ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ó ń fún un ní oúnjẹ, tàbí pé òru ni ní ìlú tirẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni àforíjì. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991 nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki. Linux ni ètò tí ó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lónìí, òun náà ni ó sì wà nídìí àwọn fóònù Android. Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ni ó bá a bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lónìí ilé-iṣẹ́ ni ó ń san owó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi mọ Torvalds gẹ́gẹ́ bí ẹni tí í fi ọ̀rọ̀ líle kọ̀wé sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó kọ̀wé sí gbogbo wọn, ó tọrọ àforíjì, ó sì ní òun yóò lọ wá ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́ láti mọ bí nǹkan ṣe ń rí lára ẹlòmíràn. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà ní oṣù kẹwàá. Iṣẹ́ náà kò dúró, bẹ́ẹ̀ ni iyì rẹ̀ kò wálẹ̀ nítorí pé ó bẹ àwọn tí ó kéré sí i.

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ yóò jẹ́ kí irọ́ pọ̀ nínú iṣẹ́, pé ẹni tí ó ń bẹ̀rù kí ó má ba ẹlòmíràn nínú jẹ́ kò ní sọ òtítọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé kejì tí a kọ lókè yìí yọ ọdún tí kò ní ẹ̀rí kúrò gẹ́gẹ́ bí ti èkíní. Àwọn kan sì wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá láti ba iṣẹ́ jẹ́ tàbí láti bú obìnrin àti ẹ̀yà mìíràn. A kò ní kí á máa fi oyin pàdé wọn. Àjọ tí ó ń bójú tó Wikipedia fọwọ́ sí òfin ìwà kan fún gbogbo èdè ní ọdún 2021. Ẹni tí a bá bú lè fi ẹjọ́ sun àwọn alámòójútó, wọ́n sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò bá yé ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọlúwàbí a máa sọ òtítọ́. Ohun tí kì í ṣe ni pé kí ó fi òtítọ́ lu ènìyàn.

Ní ìparí, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára kò rí ojú ara wọn, wọn kò sì jẹ ara wọn ní gbèsè kankan. Ìkíni, ìbéèrè, ìdúpẹ́ àti àforíjì ni okùn tí ó so wọ́n pọ̀. Bí okùn náà bá já, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan yóò padà sí ilé olúkúlùkù, oko náà yóò sì di igbó.

ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

(a) Àpẹẹrẹ yìí gùn ju èyí tí o lè ráyè kọ nínú yàrá ìdánwò. A fẹ́ kí o rí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ni. Nínú ìdánwò, o lè mú mẹ́ta nínú àwọn ọ̀nà márùn-ún náà, kí o sì ṣàlàyé wọn dáradára.

(b) Wo ìfáárà. A kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí…” Ọ̀wẹ̀ tí òǹkàwé mọ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀, a sì ti ibẹ̀ bọ́ sí ohun tí kò mọ̀. Ìgúnlẹ̀ tún padà sí oko náà. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn kan ní ìbẹ̀rẹ̀, gbìyànjú láti gba ẹnu rẹ̀ jáde.

(d) Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní kókó kan. Ọ̀rọ̀ bí ‘èkíní’, ‘èkejì’ àti ‘nítorí náà’ ni ó ń di òǹkàwé lọ́wọ́ mú.

(e) Òwe díẹ̀ ni a lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. ‘Ojú lọ̀rọ̀ wà’ ni ó ṣàlàyé ìdí tí ìjà fi ń ṣẹlẹ̀. Bí o bá yọ ọ́ kúrò, ìpínrọ̀ náà yóò yarọ. Bí o bá yọ òwe kan tí kò sí ohun tí ó bàjẹ́, jẹ́ kí ó wà níta.

(ẹ) Ìwé méjì tí a gbé kalẹ̀ ni ẹ̀mí àròkọ náà. Ó rọrùn láti kọ ọ́ pé “ó yẹ kí á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́”. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ náà sílẹ̀ kí olùyẹ̀wò fi ojú rẹ̀ rí i ni ó ṣàlàyé.

ÌDÁNRAWÒ

1. Tún ọ̀rọ̀ yìí kọ lọ́nà ọmọlúwàbí, láìyí òtítọ́ inú rẹ̀ padà: “Ọ̀nà tí o yà sínú máàpù yìí kò sí níbẹ̀ rárá. Ṣé o fọ́jú ni?”

2. Ọ̀rẹ́ rẹ kan fi ìbínú pa iṣẹ́ ẹni tuntun rẹ́, ó sì ti kábàámọ̀. Bá a kọ ìwé àforíjì tí kò ju ìlà mẹ́jọ lọ. Rí i pé kò sí ‘ṣùgbọ́n’ kankan nínú rẹ̀.

3. Mú ọ̀kan nínú àwọn àkòrí wọ̀nyí, ṣe ìlapa èrò fún un, kí o sì kọ àròkọ lé e lórí:
   (i) Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀.
   (ii) Ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa dáhùn ìwé ẹ̀sùn.
   (iii) Ẹni tí a kò san owó fún kò yẹ ní bíbáwí. Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?

Kí o tó kọ èyí tí ó kẹ́yìn, tún àkòrí náà kà. Àròkọ aláríyànjiyàn ni, kì í ṣe alálàyé. Ẹ̀kọ́ kẹtàlá yóò ràn ọ́ lọ́wọ́.